Gígun Kẹ̀kẹ́ Láàárín Àwọn Odi Omi Nẹ́dálándì: Ìdáhùn sí Òǹkàwé Kan

Òǹkàwé wa kan tí ó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ lo ọjọ́ méjì ní Nẹ́dálándì nínú oṣù karùn-ún láti gun kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ọ̀nà kan wà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn odi ogun àtijọ́ títí dé ìlú àtijọ́ kan létí odò. Mo wo àwòrán rẹ̀, òkìtì koríko lásán ni mo rí. Mo ti dé Elmina ní Gánà rí, mo sì rò pé mo mọ bí odi àwọn Dutch ṣe ń rí. Ṣé nǹkan gidi wà níbẹ̀ láti wò? Apá ibo ni kí a gùn? Ṣé ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún lè gùn ún?"

Ìyáàfin, ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín. Kí àlàyé tó pọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìdáhùn lé yín lọ́wọ́. Nǹkan gidi wà níbẹ̀, ẹni tí ó lé ní àádọ́ta ọdún sì lè gùn ún láìsí wàhálà. Apá tí n óò ní kí ẹ gùn ni ìyípo tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Gorinchem, tí ó gba orí dáìkì lọ sí odi Vuren, tí ó sọdá Odò Waal sí ilé-olódi Loevestein, tí ó sì gba ìlú kékeré tí ń jẹ́ Woudrichem padà sí ibi tí ẹ ti gbéra. Dáìkì ni mo ń pe òkè gígùn tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ sí etí odò kí omi má bàa ya wọlé. Ìyípo yìí kò ju nǹkan bí kìlómítà 20 sí 25 lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú, ṣùgbọ́n odindi ọjọ́ kan ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, nítorí pé ìdúró ibẹ̀ pọ̀ ju gígùn rẹ̀ lọ.

Elmina ni ó ṣì yín lọ́nà. Àwọn Dutch gba odi yẹn lọ́wọ́ àwọn Potogí ní 1637, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1872 tí wọ́n gbé e fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ògiri funfun ni, ó ga, ó sì kọjú àgbá sí òkun, nítorí pé ilé òwò àti ilé ẹrú ni, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti òkèèrè rí òun kí ó sì bẹ̀rù. Èyí tí wọ́n kọ́ sí ilé ara wọn ní ọ̀rúndún 19, sísá fún ojú ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n da erùpẹ̀ bò ó, wọ́n sì jẹ́ kí koríko àti igi hù lé e lórí kí ọ̀tá tí ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn má bàa tètè dá a mọ̀. Koríko tí ẹ rí nínú àwòrán, ara odi náà ni.

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn ìlú wa mọ̀ pé odi kì í wà láìsí yàrà: erùpẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ jáde nínú yàrà ni wọ́n fi ń mọ odi. Ohun tí àwọn ará Nẹ́dálándì ṣe ni pé wọ́n sọ odindi agbègbè kan di yàrà. Nieuwe Hollandse Waterlinie ni wọ́n ń pe ètò náà, èyí tí a lè pè ní Ìlà Omi Tuntun ti Holland. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 85, láti Muiden lẹ́bàá Amsterdam títí dé ilẹ̀ àbàtà Biesbosch ní gúúsù. Ilẹ̀ tí wọ́n ti pinnu láti fi omi bò bí ogun bá dé fẹ̀ tó kìlómítà 3 sí 5 ní ọ̀pọ̀ ibi.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò kàn máa ti ibi òkìtì kan dé òkìtì mìíràn ni. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú odò, nítorí náà omi kì í yé wá ọ̀nà àtiwọlé, iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun kò sì ju kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Wọn kò fẹ́ kí omi náà jìn. Bí 40 sí 50 sẹ̀ǹtímítà, tí í ṣe níwọ̀n orúnkún, ni wọ́n ń fẹ́. Omi orúnkún kò gba ọkọ̀ ogun ojú omi, bẹ́ẹ̀ ni kò gba ẹsẹ̀ ọmọ ogun tàbí kẹ̀kẹ́ àgbá, nítorí pé àìmọye kòtò tí àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ láti fa omi oko wọn wà lábẹ́ rẹ̀ tí ojú kò lè rí. Ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ kan tí ó rí orúnkún, ó lè gbé ẹsẹ̀ kejì kí ó rí ọrùn. Ìṣòro kan tí ó wà ni pé ìlẹ̀kùn omi lásán kò ṣeé ṣí nígbà tí odò bá ń fi gbogbo agbára tì í láti ẹ̀yìn. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Jan Blanken, ni ó yanjú èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19 pẹ̀lú ìlẹ̀kùn tí a ṣe bí abẹ̀bẹ̀, èyí tí ń lo agbára omi náà fúnra rẹ̀ láti ṣí àti láti tì.

Àmọ́ gbogbo ibi kọ́ ni omi lè bò. Orí dáìkì yóò yọ síta, títì ńlá yóò yọ síta, ojú irin náà yóò sì yọ síta, bẹ́ẹ̀ ni ojú odò kò ní yé jẹ́ ọ̀nà fún ọkọ̀. Àwọn ibi wọ̀nyí nìkan ni ọ̀tá lè gbà kọjá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ́ odi sí. Omi ni ògiri ìlú; odi tí ẹ ń lọ wò, oníbodè ni. Nítorí náà, ní ibikíbi tí ẹ bá ti rí odi kan, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kí ẹ sì wá ọ̀nà tí ó ń ṣọ́. Bí ẹ bá ti rí i, odi náà ti yé yín.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ju àwọn odi náà lọ. Ní 1672, nígbà tí ọmọ ogun Louis XIV ọba Faransé ya wọ orílẹ̀-èdè náà, àwọn ará Nẹ́dálándì fi omi bo ilẹ̀ láàárín Muiden àti Gorinchem, omi náà sì dá àwọn Faransé dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ kan ta kò ó gidigidi, nítorí oko tiwọn ni ó ń rì. Ohun tí ó lè ba ètò náà jẹ́ ni òtútù. Nígbà òtútù 1794 sí 1795, àwọn odò ńlá dì, àwọn Faransé sì fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí yìnyín bí ẹni ń kọjá ní ojúde. Síbẹ̀, nígbà tí Ọba Willem I ti Nẹ́dálándì gorí oyè, ní 1815 gan-an ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ìlà tuntun, iṣẹ́ náà sì ń bá a lọ ní ìpele ìpele títí di 1940. Ìlà náà kò ja ogun gidi kankan. Wọ́n kó ọmọ ogun sí i ní 1870, ní 1914 àti ní 1939, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Jámánì dé ní oṣù karùn-ún 1940, òfurufú ni wọ́n gbà, wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí Rotterdam ní ọjọ́ 14 oṣù náà. Ilẹ̀ kejì kò ṣú tí orílẹ̀-èdè náà fi túúbá. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọ́n fi ọgọ́rùn-ún ọdún kọ́ ohun tí ọkọ̀ òfurufú fò kọjá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìdí tí ó fi kù fún wa láti wò ni pé ogun kò bà á jẹ́. Ní 2021, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun-ìní àjogúnbá àgbáyé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a gun kẹ̀kẹ́. Gorinchem ni ìlú etí odò tí wọ́n sọ fún yín, tàbí kí ó jẹ́ Woudrichem, nítorí pé méjèèjì ni ó yẹ orúkọ náà. Àwọn ará ibẹ̀ kì í pe Gorinchem bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Gorkum ni ẹ óò máa gbọ́, kí ó má bàa dà bíi pé ìlú mìíràn ni wọ́n ń júwe fún yín. Odi erùpẹ̀ tí ó yí ìlú náà ká láti nǹkan bí 1600 ṣì wà, ẹ sì lè rìn lórí rẹ̀ láàárín igi àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ìlọkà méjì. Nínú ẹnu-bodè mẹ́rin tí ó ní tẹ́lẹ̀, Dalempoort nìkan ni ó kù. Wọ́n wó àwọn mẹ́ta yòókù ní ọ̀rúndún 19, apá kan ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rijksmuseum ní Amsterdam, bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá. Ilé ìṣọ́ ìjọ àtijọ́ tí ó wà láàárín ìlú tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú yín kọ́ ni ó ń ṣe yín. Ẹ mu kọfí níbi tí Odò Linge ti wọ ìlú, kí ẹ sì gba Dalempoort jáde.

Láti ibẹ̀, orí dáìkì ni ẹ óò wà. Odò Waal, tí í ṣe ẹ̀ka Odò Rhine tí ó tóbi jù, yóò wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí Jámánì yóò sì máa bá yín rìn. Ní ọwọ́ òsì, ẹ óò rí òrùlé ilé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ fi ojú wọn odò náà àti ilẹ̀ oko, nítorí pé ibi yìí ni mo ti máa ń sọ fún àwọn tí mo bá kó wá pé kò sí àlàyé tí ó tún kù. Omi kan náà tí àwọn ológun ń fẹ́ ni àwọn ará abúlé ń bẹ̀rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1995, nígbà tí àwọn odò wọ̀nyí kún títí tí ẹ̀rù fi bà wọ́n pé dáìkì lè ya, nǹkan bí 250,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò nílé ní agbègbè àwọn odò náà.

Odi Vuren kò jìn, nǹkan bí ìdajì wákàtí pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ láàárín 1844 sí 1849: ilé ìṣọ́ róbótó tí wọ́n fi bíríkì mọ, tí omi yí ká. Ó yẹ kí ẹ wo bí erùpẹ̀ ṣe bo apá tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ògiri bíríkì nípọn tó fún àgbá ayé ìgbà náà. Kò pẹ́ ni àgbá tí inú ẹnu rẹ̀ ní ìlà wíwọ́ dé, tí ọta rẹ̀ ń lọ jìnnà tí kì í sì í ta, ni wọ́n bá sáré da erùpẹ̀ bo bíríkì. Ní nǹkan bí 1885, irú ọta mìíràn tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ tún dé, èyí tí ó sọ gbogbo odi onibíríkì di ẹrù àtijọ́ lójijì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da kọnkéré. Gbogbo ìtàn yìí ni ẹ lè fi ojú kà lára ilé kan ṣoṣo. Ọ̀nà wo ni ó ń ṣọ́? Ọ̀nà méjì: dáìkì tí ẹ gùn wá, àti odò fúnra rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí i pé kò sí ilé púpọ̀ ní àyíká rẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1853 ká àwọn ènìyàn lọ́wọ́ kò láti kọ́lé tí ó lágbára sí ìtòsí odi, títí dé 1,000 mítà, kí àgbá lè ríran. Bí ilé bá máa wà, kí ó jẹ́ onípákó tí wọ́n lè tètè dáná sun. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ fi gbòòrò lójú yín bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ẹ máa bá dáìkì lọ sí Herwijnen, níbi tí fẹ́rì wà tí ń kó ènìyàn, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ sọdá sí Brakel. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, fẹ́rì kékeré fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ máa ń wà láàárín àwọn odi wọ̀nyí fúnra wọn, ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn ti Herwijnen, nítorí pé ọ̀nà láti Brakel dé Loevestein gba inú ilẹ̀ etí odò kan tí ń jẹ́ Munnikenland. Lẹ́yìn omíyalé 1993 àti 1995, ìjọba pinnu pé gbígbé dáìkì ga nìkan kò ní tó, àfi kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún odò. Ní Munnikenland, wọ́n sún dáìkì sẹ́yìn, wọ́n sì dá ilẹ̀ oko padà fún omi. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ibi tí àwọn baba wọn ti ń pète àtifi omi lé ọ̀tá, àwọn ọmọ tún ń fi omi sí i lónìí, nítorí àlàáfíà.

Loevestein ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Dirc Loef van Horne ni ó kọ́ ilé-olódi náà ní àárín ọ̀rúndún 14, sí etí ibi tí Odò Waal àti Odò Maas ti pàdé, níbi tí kò sí ọkọ̀ tí ó lè kọjá tí a kò ní rí i. Ó di ẹ̀wọ̀n ìjọba, ó sì padà di apá kan Ìlà Omi, tí òun àti Vuren jọ kojú ara wọn láti etí odò méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹlẹ́wọ̀n kan ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Hugo de Groot jẹ́ amòfin tí ìwé rẹ̀ ti 1609 jiyàn pé òkun kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Ìjà òṣèlú àti ti ẹ̀sìn mú kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n gbére ní 1619. Wọ́n gba ìyàwó rẹ̀, Maria van Reigersberch, láàyè láti bá a gbé, wọ́n sì ń gba àpótí ìwé wọlé fún un láti Gorinchem. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń tú àpótí náà wò fínnífínní. Nígbà tí ó pẹ́ tí wọn kò rí nǹkan kan yàtọ̀ sí ìwé, ó sú wọn. Maria kíyè sí i. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1621, ọkọ rẹ̀ ni ó wà nínú àpótí náà, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn gbé e dé inú ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ ọ̀dọ̀ wọn, Elsje van Houwening, ni ó tẹ̀ lé e sọdá sí Gorinchem, níbi tí ó ti jáde, tí ó wọ aṣọ bíríkìlà, tí ó sì sá lọ sí Antwerp, kí ó tó dé Paris. Wọn yóò fi àpótí kan hàn yín ní Loevestein. Àpótí mìíràn wà ní Rijksmuseum, òmíràn sì wà ní Delft, ẹ̀rí kò sì tíì gbe ọ̀kan lẹ́yìn ju èkejì lọ. Lójú tèmi, ọ̀nà omi náà ni ojúlówó ohun ìrántí, nítorí pé nígbà tí ẹ bá ń fi fẹ́rì padà sí Gorinchem, omi tí àpótí yẹn gbà ni ẹ ń gbà.

Kí ẹ tó padà, fẹ́rì kékeré kan wà tí yóò kọ́kọ́ gbé yín dé Woudrichem, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Woerkum. Maas àtijọ́ ni ẹ óò sọdá. Ó ti dákẹ́ nísinsìnyí, nítorí pé wọ́n ti fi ìdídò gé e, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà mìíràn fún odò náà ní gúúsù, èyí tí wọ́n ṣí ní 1904. Ìlú náà kéré débi pé ẹ lè rìn yí odi rẹ̀ ká kí oúnjẹ yín tó jinná. Pípẹja ni iṣẹ́ wọn láyé àtijọ́. Ọkọ̀ àtijọ́ ló kù ní èbúté wọn.

Ní ọjọ́ kejì, bí ẹsẹ̀ bá ṣì gbà, ẹ gba Woudrichem lọ sí gúúsù, sí odi Altena ti 1847, tí kò tó wákàtí kan. Odi yìí ń ṣọ́ ọ̀nà láti Breda sí Gorinchem, títì márosẹ̀ A27 sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an kọjá lónìí. Ariwo ọkọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn ibẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ariwo náà ni ẹ̀rí pé ẹni tí ó yan ibẹ̀ kò ṣìṣe. Odi Bakkerskil wà ní iwájú díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gba Sleeuwijk, kí fẹ́rì gbé yín padà sí Gorinchem.

Ní ti ìrìn àjò, ẹ lè gbé kẹ̀kẹ́ tiyín wọ ọkọ̀ òkun alẹ́ láti Harwich sí Hoek van Holland, kí ẹ wọ metro dé Rotterdam, kí ẹ sì gba Dordrecht wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Gorinchem. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì yẹra fún àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ tí wọ́n sì ń bọ̀, nítorí wọn kì í gba kẹ̀kẹ́ nígbà náà láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá háyà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a dúró: ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wọn ni ó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ pẹ́dà sẹ́yìn, búrẹ́kì ni ẹ tẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ sì lè ṣubú. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ óò máa gbà, kì í ṣe òsì bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Fóònù lọ́wọ́ lórí kẹ̀kẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin láti 2019. Ẹ kò nílò rẹ̀ náà, nítorí pé àmì tí ó ní nọ́ńbà wà ní gbogbo oríta: ẹ kàn kọ nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ gbà sórí bébà kí ẹ máa tẹ̀ lé e. Belgium ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ ìwakùsà kan ni ó sì gbé e kalẹ̀.

Afẹ́fẹ́ nìkan ni òkè tí ẹ óò gùn. Ó sábà máa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé yóò ti yín lẹ́yìn títí dé Herwijnen, yóò sì kọjú sí yín láti Brakel wá, nígbà tí ó ti rẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ìyára ti àárọ̀ tàn yín. Ọjọ́ Sátidé dára ju Sọ́ńdè lọ, nítorí pé agbègbè onígbàgbọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn abúlé etí odò náà, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà sì máa ń tì ní ọjọ́ ìsinmi. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ béèrè àkókò fẹ́rì ìkẹyìn kí ẹ tó wọ Loevestein, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá jáde. Bí ó bá lọ tán, ẹ óò tún gun gbogbo Munnikenland padà sí Brakel, bí ti ibẹ̀ náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́.